Ọmọ Owú Arọkọ́ àti Ìlú Òǹtẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí yóò wúkọ́, kí ó wú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí yóò yún ara, kí ó yún un. Èmi Ọdẹ́rìnlọ kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọta kan ni mo fi ń pa ẹran kan. Ẹni tí ó yìnbọn mẹ́ta nítorí àgbọ̀nrín kan, ariwo ló fẹ́, kì í ṣe ẹran.

Ẹ ti gbọ́ pé mo wọ igbó iwin, mo sì jáde. Òótọ́ ni. Àwọn ọdẹ mìíràn wọ̀ ọ́ nítorí wúrà, àwọn kan wọ̀ ọ́ nítorí obìnrin. Èmi wọ̀ ọ́ nítorí òòlù irin kan tí kò gùn ju apá ọmọ ọdún méje lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìyẹn kéré, kí ó dúró kí ó gbọ́.

Àgbẹ̀dẹ kan ṣoṣo ni ó wà ní ìlú wa Arọkọ́ nígbà náà, ti Ògúndípẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí iná ti jó irùngbọ̀n rẹ̀ ní apá kan. Òun ni ó ń rọ ọkọ́ fún ìlú wa àti abúlé mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ olókùúta. Ọkọ́ kan kì í lò ju ọdún kan lọ kí ó tó jẹ tán, kí ó ku bí ṣíbí. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, Ògúndípẹ̀ kì í fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àgbẹ̀dẹ rẹ̀ sì ní òfin kan, ẹyọ kan ṣoṣo: ẹni tí ó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ alágbe, yóò kọ́kọ́ fín ẹwìrì kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Iná kì í dúró de ìtàkurọ̀sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iwin mẹ́ta wọlé. Wọ́n ga bí ọ̀pẹ, wọ́n sì dé fìlà bo ojú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ni ojú wọn wà, òun ni wọ́n fi ń wo ohunkóhun tí wọ́n bá nawọ́ sí. Wọ́n na ọwọ́ sí iná, wọ́n na ọwọ́ sí irin, wọ́n na ọwọ́ sí imú Ògúndípẹ̀.

"Ta ní fún ọ ní àṣẹ láti máa lu irin?"

Ògúndípẹ̀ kò gbójú sókè. "Ẹ fín ẹwìrì."

"A ní, ta ní fún ọ ní àṣẹ?"

"Èmi náà ní, ẹ fín ẹwìrì. Irin yìí ń tutù."

"Àwa? Àwa òjíṣẹ́ Ìlú Òǹtẹ̀, kí a fín ẹwìrì?"

"Àbí ọwọ́ tí ó bá ti lójú kì í ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

Mo wà níbẹ̀, mo ń dúró de ìbọn mi tí ó ń bá mi tún ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Iwin tí ó ga jù na ọwọ́, ó mú òòlù tí ó wà lọ́wọ́ Ògúndípẹ̀, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń pè ní ọmọ owú. Ó ní, "Ẹ wá gba ìwé ní Ìlú Òǹtẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá mú ìwé tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ wá ni ẹ ó tó rí èyí gbà." Wọ́n sì bá ọ̀nà igbó lọ.

Mo rí i pé ìwọ Akínbọ̀dé fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí Ògúndípẹ̀ kò rọ òmíràn. Kí ni yóò fi rọ ọ́? Òòlù ni a fi ń rọ òòlù. Ọwọ́ ọ̀gá tí ó kọ́ bàbá bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ni ti àkọ́kọ́ ti wá, gbogbo irin tí ó wà ní Arọkọ́ sì ti abẹ́ rẹ̀ jáde. A gbìyànjú òkúta, òkúta fọ́. A gbìyànjú igi, igi jóná. Ìlú tí a bá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ebi ọdún kan ni yóò pa á. Ìlú tí a bá gba ohun tí ó fi ń ṣe ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ebi rẹ̀ di àjogúnbá.

Ògúndípẹ̀ kọjú sí mi. "Ọdẹ, ìwọ lo rẹ́rìn-ín. Ìwọ ni yóò lọ."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo bú wọn?"

"Mo bú wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò mọ ọ̀nà igbó."

"Ọjọ́ mélòó ló kù kí òjò àkọ́rọ̀ dé?"

Ó jáde, ó wo ojú ọ̀run, ó gbọ́ òórùn afẹ́fẹ́. "Mọ́kànlélógún. Bí o bá fi ọ̀kan péré lé e, èékánná la ó fi kọ ebè lọ́dún yìí."

Bí mo ṣe di ẹrù nìyẹn: iṣu mẹ́ta, ẹran gbígbẹ, ìbọn mi, àti àyà tí kò mọ ìbẹ̀rù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó dára kì í fi pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin mo dé Igbó Okùn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la igbó náà já, ó tọ́ bí ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n ní ogún ìṣísẹ̀ sí ogún ìṣísẹ̀, okùn kan dábùú ọ̀nà, iwin kan sì di etí okùn náà mú. Orí wọn kéré bí òroǹbó, ikùn wọn tóbi bí àká.

Èyí àkọ́kọ́ ní, "Ọdẹ, o kú ìrìn o. Kí lo mú bọ̀ fún wa?"

"Ìkíni ni mo mú bọ̀."

"Ìkíni dára. Ìkíni kì í yóni."

Ó gé iṣu mi jẹ, ó sọ okùn kalẹ̀. Ẹnì kejì gé e jẹ. Ẹnì kẹta gé e jẹ, ó tún ní kò jinná. Ní okùn kẹsàn-án, iṣu tán. Ní okùn kejìlá, ẹran gbígbẹ tán. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkùnrin kan tí ó ń bọ̀ padà, tí ó ru agbè òfìfo.

Mo kí i. "Kí lẹ tà?"

"N kò tíì dé ọjà."

"Agbè yín ṣófo."

"Epo ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí mo jáde nílé. Okùn ló mu ún."

Ọkùnrin náà kò bínú mọ́. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òjò ni ó rọ̀.

Nígbà tí mo dé okùn kẹtàdínlógún, ìbọn mi nìkan ni ó kù lọ́wọ́ mi. Iwin tí ó di okùn yẹn mú nípọn ju gbogbo wọn lọ. Ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Kò sí ẹrù? Kò burú. Bí kò bá ti sí ẹrù, ẹlẹ́rù la máa ń jẹ." Ó sì fò mọ́ mi.

A ja ìjà yẹn láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ó gbé mi sókè, ó fi mí gún ilẹ̀ bí ọmọ odó. Mo gbé òun náà, ẹ̀yìn mi dún gbàù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eyín rẹ̀ kan etí mi. Ẹ wo ojú àpá rẹ̀ níbí. Nígbà tí mo rí i pé agbára nìkan kò tó, mo la ẹnu:

A kì í fi okùn dí odò lọ́nà,
A kì í fi ìka dí ẹ̀fúùfù lẹ́nu.
Ilẹ̀ kì í bi ejò pé níbo ni ó ń lọ,
Igbó kì í bi èèrà pé kí ni ó rù.
Èèrà ń lọ, ọ̀nà là fún un;
Èmi ọmọ ọdẹ ń lọ, kí ọ̀nà ó là.

Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Mo fi okùn tirẹ̀ gan-an dì í mọ́ igi ìrókò. Àwọn yòókù wo èyí, wọ́n wo ara wọn. Èyí tí ó tẹ̀ lé e tẹrí ba, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá tuntun?"

Mo ní, "Èmi ni."

Gbogbo okùn tí ó kù ni wọ́n sọ kalẹ̀, wọ́n sì ń kí mi bí mo ti ń kọjá. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa ní ọdún yẹn nìyẹn.

Níbi tí igbó náà parí sí ni Ìlú Òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ìlú sì ti péjọ sí ẹ̀bá òkè kan. Ọba wọn dúró sórí òkè náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí mo lè gbé sínú àpò ọdẹ mi. Oòrùn yọ lẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ sì nà gbọọrọ kọjá ilé, kọjá oko. Olórí awọ̀njìji, àwọn tí ń wọn òjìji ọba, gbé okùn, ó sáré láti ìdí òjìji náà dé orí rẹ̀.

Ó kígbe pé, "Igba ìgbésẹ̀ ó lé mẹ́jọ! Lánàá, igba ó lé méje! A ti dàgbà!"

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Egungun ìhà wọn ń kan ara wọn bí wọ́n ti ń pa á, ó ń dún kì-kì-kì. Mo fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ó sì yé mi bí òjìji ọba ṣe ń gùn sí i: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí wá wọ̀n ọ́n ní kùtù ju ti àná lọ.

Bí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán, gbogbo wọn gbé agbọ̀n, wọ́n lọ máa wa òkúta irin nínú ihò ńlá kan tí ó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì ń rù ú lọ sí Ìlú Òǹtẹ̀ ní tútù bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ó jókòó lórí irin kò ní àgbẹ̀dẹ kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán agbádá ọba, òkèèrè ni wọ́n ti rà á.

Olórí awọ̀njìji rí mi. "Àlejò kì í kọjá níbí láì dáhùn àlọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ihò ni ìwọ náà yóò máa wà. Kí ni ó ń dàgbà tí kì í jẹun?"

"Òjìji."

"O gbọ́n. Kí ni ó ń tóbi sí i bí a ti ń kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀?"

"Ihò. Ó kàn mí. Kí ni ó gùn láàárọ̀, tí ó kú lọ́sàn-án?"

Olórí awọ̀njìji fọwọ́ bo ẹnu. "A kì í wọn ọba lọ́sàn-án! Èèwọ̀ ni!"

"Ta ní sọ ọ́ di èèwọ̀?"

"Àwa awọ̀njìji."

Mo jókòó sábẹ́ òkè náà. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, n kò sì kúrò. Díẹ̀ díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ agbọ̀n wọn kalẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ wá wò. Òjìji ọba ń sún kì, ó ń sún kì, títí ó fi sá sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ọba wa mà kúrú o." Ọba fúnra rẹ̀ tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ẹ rò pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Òkúta ni wọ́n sọ lù mí. Ẹni tí a bá jí lójú àlá oúnjẹ kì í kíni kú iṣẹ́. Mo sáré tọ ipa ẹsẹ̀ àwọn tí ó ru òkúta irin, ní ọjọ́ kẹtàlá mo sì dé ẹnu ibodè Ìlú Òǹtẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni òkìtì òkúta irin, òkìtì lórí òkìtì, tí koríko ti hù sí lórí. Gbogbo ohun tí àwọn ará Òjìji ti rù láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ó ń dúró de òǹtẹ̀ kí wọ́n tó lè fi ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn òkìtì náà ni ìlà àwọn ènìyàn bíi tèmi àti tiyín, wọ́n jókòó sílẹ̀, ìlà náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ìparí rẹ̀. Mo lọ bá ìyá àgbà kan tí ó gbé amọ̀ sórí itan.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"O ṣé, ọmọ mi. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń tò. Má tì mí."

"Kí lẹ ń dúró dè?"

"Ìwé ìkòkò. Àyọ̀ká Amọ̀kòkò ni mí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ mọ ìkòkò mọ́ láìgba ìwé. Mo gbé amọ̀ wá kí wọ́n lè rí irú rẹ̀."

Mo fọwọ́ kan amọ̀ náà. Ó ti di òkúta.

"Ìyá, láti ìgbà wo?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ mi lẹ́nu ọmú ni nígbà náà. Ó wá kí mi níjẹta, òun àti ọmọ tirẹ̀. Àwọn náà ti wà lórí ìlà."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yín ti ta gbòǹgbò, Ìyá."

"Mo mọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n lè gba ààyè mi."

N kò tò. Mo lọ tààrà sí ilé tí ìlà náà kọjú sí. Fèrèsé méje ni ó wà lára rẹ̀. Ní fèrèsé kìn-ín-ní, iwin kan dé fìlà pupa.

"Mo wá nítorí ọmọ owú Arọkọ́."

"Mú ìwé láti fèrèsé kejì wá."

Ní fèrèsé kejì, iwin onífìlà funfun ní kí n mú ìwé láti ẹ̀kẹta wá. Ẹ̀kẹta ní ẹ̀kẹrin. Nígbà tí mo dé èkeje, onífìlà dúdú ibẹ̀ ní kí n mú ìwé láti fèrèsé kìn-ín-ní wá. Ṣùgbọ́n ọdẹ ni mí. Bí ẹran kan bá fo odò lẹ́ẹ̀méje, n ó mọ̀ pé ẹran kan náà ni. Gbogbo àwọn iwin wọ̀nyí, eyín iwájú wọn kan ti yọ, gbogbo wọn sì ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí ajá tí ó sáré. Mo gba ẹ̀yìn ilé yọ sí wọn. Iwin kan ṣoṣo ni mo bá, tí ó kó fìlà méje dání, tí òógùn bò ó.

"Ìwọ nìkan ni?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pariwo. Èmi nìkan ni. Ó ti rẹ̀ mí."

"Kí ló dé tí o kò fún wọn ní ìwé wọn, kí o sì sinmi?"

"Ìwé wà. Ohun tí a ó fi lù ú ni kò sí. Ẹ wọlé, ẹ bi Olóòǹtẹ̀."

Mo wọlé. Olóòǹtẹ̀, ọba wọn, jókòó lórí òkìtì ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: òfì, odó epo, ọlọ, àwọ̀n apẹja. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àjà ilé tẹ orí rẹ̀ wọ ọrùn. Òǹtẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, òdidi irin tí ó ní ìdí tí a ń dì mú, tí ó wúwo bí ọmọ tuntun.

Mo ní, "Mo wá gba ọmọ owú Arọkọ́."

"Ìwé dà?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí ó fi hàn pé tiyín ni. Ní ìlú yìí, ohun tí kò bá ní ìwé olóòǹtẹ̀ kò ní olúwa."

"Ó dára. Lu ìwé kan fún mi."

Ó gbé òǹtẹ̀ sókè, ó fi lu ìwé, ilé mì. Ó gbé e kúrò. Ìwé náà funfun báláú. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Mo gba òǹtẹ̀ náà, mo yí i padà. Ojú rẹ̀ dán bí àwo.

Olóòǹtẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Láràárọ̀ ni mo ń fi lu àpáta yìí, kí n lè rí i dájú pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọgọ́ta ọdún."

"Àpáta ti jẹ ẹ́ tán. Kí ló dé tí ẹ kò pe alágbẹ̀dẹ kí ó fín àmì mìíràn sí i?"

"Alágbẹ̀dẹ tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin."

"Ẹ fún un ní ìwé."

"Kò sí òǹtẹ̀ tí a ó fi lù ú."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbí, mo ti rí ejò tí ó gbé ìrù ara rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń gbé e mì tí ó tún ń retí kí a dọ̀bálẹ̀ fún òun, ọjọ́ yẹn ni mo rí i.

Mo ní, "Ọmọ owú wa dà?" Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Mo rí i, mo dá ìdí rẹ̀ mọ̀, ibi tí àwọn bàbá Ògúndípẹ̀ ti dì mú tí ó fi dán. Mo dì í mú. Ó rún ní ọwọ́ mi bí àkàrà tí ó gbẹ. Irin tí kò bá ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan nínú ilé yẹn ń mú un gbó bí ọdún mẹ́wàá níta.

N kò sunkún. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù, ẹkún kì í rọ ọkọ́. Mo wo ohun tí ó wà ní ọwọ́ mi kejì: òdidi irin, tí ó ní ìdí tí a ń dì mú, tí ojú rẹ̀ tẹ́, tí ó sì dán. Mo gbé e sókè, mo gbé e sílẹ̀. Ó wọ ọwọ́. Mo yí ẹ̀yìn padà, mo jáde.

"Gbé e kalẹ̀!" Olóòǹtẹ̀ bú ramúramù. "Òǹtẹ̀ wa ni!"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i dájú pé gbogbo ìlà gbọ́ mi. "Ìwé dà?"

Ó gbé ìwé funfun báláú yẹn sókè.

Iwin tí ó kó fìlà méje dání ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Àyọ̀ká, ẹ̀rín tí kò rín láti ìgbà tí ó ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rín ran ìlà náà bí iná ẹ̀ẹ̀rùn. Olóòǹtẹ̀ fò dìde láti lé mi. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó pẹ́ jù. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì ní kí ó kọ́kọ́ mú ìwé wá.

Mo na ọwọ́ sí ìyá àgbà náà. "Ẹ dìde, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Ààyè mi ńkọ́?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ààyè yẹn ṣe?"

Ó wo amọ̀ orí itan rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbòǹgbò já, pá! Ó fa ti òsì, pá! Ó ní, "Mo ti ń mọ ìkòkò kí wọ́n tó bí ẹni tí ó ní kí n má mọ ọ́n." Ó ju amọ̀ tí ó ti di òkúta nù, ó pe ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì lọ. Ọ̀pọ̀ dìde tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n n ó sọ òótọ́ fún yín: àwọn kan wà tí wọ́n kàn sún síwájú.

Ọ̀nà tí mo gbà padà kò ṣe pàtàkì. Ní ogúnjọ́ mo wọ àgbẹ̀dẹ, mo fín ẹwìrì, lẹ́yìn náà mo gbé irin náà kalẹ̀.

Ògúndípẹ̀ yí i wò. "Èyí kì í ṣe ọmọ owú wa."

"Tiwa ti bàjẹ́. Ṣé èyí lè lu irin?"

"Ó lè lù ú."

Gbogbo ìlú ti kún ìta. "Ọkọ́! Rọ ọkọ́! Òjò ń bọ̀!" Ìkùukùu ti ṣú ní ìlà-oòrùn. Ògúndípẹ̀ gbé irin sínú iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lù ú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ́ ni ó ń rọ. Ọmọ owú tuntun ni. Wọ́n bú u, wọ́n ní ó ya wèrè. Odindi ọ̀sán kan ni ó fi rọ ọ́. Nígbà tí ó parí, ó fún àbúrò rẹ̀ ní òǹtẹ̀, òun mú ọmọ owú, òòlù méjì sì ń dún níbi tí ọ̀kan ti ń dún tẹ́lẹ̀ rí. Kí ìkán omi àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti rọ ogóje ọkọ́. A rí oko gbìn lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin tí a bí ní ọdún yẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò gbọ́ ariwo ọjà.

Ẹ rò pé ìtàn tán? Èyí tí ó le jù ni ó kù, kò sì sí iwin kankan nínú rẹ̀.

Ọba wa ránṣẹ́ pe èmi àti Ògúndípẹ̀. Àwọn ìjòyè wà níkàlẹ̀.

Ọba ní, "Ọdẹ́rìnlọ, o ṣe ọkùnrin. Níbo ni òǹtẹ̀ yẹn wà?"

"Ní àgbẹ̀dẹ, Kábíyèsí."

"Gbé e wá lọ́la. A ó fín àmì adé sí ojú rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn abúlé mẹ́sàn-án ti ń fẹ́ dá àgbẹ̀dẹ tiwọn sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lu irin ní agbègbè yìí láìgba ìwé lọ́dọ̀ mi. Bí alágbẹ̀dẹ burúkú kan bá ta ọkọ́ tí ó ti sán fún àwọn ènìyàn wa ńkọ́?"

Mo wo Ògúndípẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀rù bà mí, èmi tí iwin kò bà lẹ́rù.

Mo ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ọkọ́ tí ó sán jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ yan ẹni tí yóò máa fi òkúta kan ọkọ́ lọ́jà, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Èyí tí ó bá dún bí àpáàdì, kí alágbẹ̀dẹ gbà á padà kí ó rọ òmíràn. Òfin tí ó ń wo iṣẹ́, mo fara mọ́ ọn. Òfin tí ó ní kí iṣẹ́ máa dúró de òun, mo ti rí ìlú rẹ̀."

"Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi bí a ti ń jọba?"

"Ẹni tí ó ti ibẹ̀ bọ̀ ni ó ń ròyìn, Kábíyèsí."

"Lọ́la. Níwájú mi níbí."

A padà sí àgbẹ̀dẹ. Mo gbé òǹtẹ̀ fún Ògúndípẹ̀. "Fi í sínú iná."

Kò gbà á. "Bí mo bá fi í síná, abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò ní àgbẹ̀dẹ. Ta ni yóò tún wá bá mi?"

"Ẹni tí ọkọ́ rẹ bá dára jù lójú rẹ̀."

"Ó rọrùn fún ọ láti sọ. Ìwọ ọdẹ, ẹnikẹ́ni kì í bá ọ du ẹran."

"Ọ̀nà igbó tí mo bá rìn, gbogbo ọdẹ ló ń rìn ín. Mo ṣì ń jẹ ẹran."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Níkẹyìn ó gba òǹtẹ̀ náà, ó tì í sínú ẹyin iná, ó sì ní, "Ó dára. Kí wọ́n wá. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò rọ ọkọ́ ju ẹnì kejì lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba, mo sì gbé ọkọ́ tuntun kan lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Òǹtẹ̀ tí ẹ ní kí n gbé wá, Kábíyèsí. Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Ó wò ó. Ó wò mí. Ó gba ìrùkẹ̀rẹ̀ ọdẹ tí ó ti fún mi tẹ́lẹ̀ padà, ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ oyè láéláé ní Arọkọ́, bí mo tilẹ̀ pẹ́ tó igi ìrókò. N kò sì jẹ ẹ́ títí di òní. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo rù ni?

Àgbẹ̀dẹ mọ́kànlá ni ó wà ní agbègbè yìí báyìí. Mẹ́ta nínú wọn ń rọ ohun tí Ògúndípẹ̀ kò lá àlá rẹ̀ rí, ó sì ń bú wọn láràárọ̀, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ọ̀kan tí ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ mi parí síbẹ̀. Ẹ dìde. Ẹni tí ó bá tún jókòó lẹ́yìn èyí, kí ó ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.